Ọjọ́ tí Baálẹ̀ Lákanlé Ru Igbá Ara Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ ni, ẹ ń mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Igbá kan wà lóòótọ́, orí kan sì wà tó rù ú. Ẹ sún mọ́ mi.

Ẹ̀yin mẹ́ta péré náà nìyí? Nígbà kan rí, bí mo bá jókòó sórí àga yìí, àwọn ọmọ á máa ti ara wọn ṣubú nítorí àyè tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Àkọ́bí mi wà ní Kánádà báyìí, ó ń tọ́jú arúgbó lọ́hùn-ún. Arúgbó ọ̀hún kì í ṣe èmi. Ó dáa, ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀. Abọ́ tí mo bò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìdó-Àpáta. Àpáta pẹlẹbẹ kan wà lókè ìlú náà, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti máa ń jẹ iṣu tuntun lọ́dọọdún, lọ́sàn-án gangan. Wọn kì í sè é, wọn kì í gún un. Sísun ni, pẹ̀lú epo pupa àti iyọ̀. Àgbà á kọjú síná, ọ̀dọ́ á jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkúta tirẹ̀. Bí àgbà bá jẹ tó, á wẹ̀yìn, á ti igbá sí ọ̀dọ́ náà. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ bá níbẹ̀: iṣu sísun díẹ̀ tí yóò jẹ, àti orí iṣu tútù tí yóò gbìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Orí iṣu la máa ń gé gbìn kí iṣu mìíràn tó jáde. Ẹni tó bá jẹ orí iṣu, oko ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn. Bí ọ̀dọ́ bá ti jẹ nínú igbá tán, òun ni yóò rù ú délé fún àgbà. Ẹni tí kò bá jẹ níbẹ̀ kò ní í rù ú. Òfin wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó jà sí i.

Ọdún kan wá dé tí òjò kò rọ̀ dáadáa. Iṣu tí wọ́n wà jáde kò ju ìka ẹsẹ̀ lọ. Baálẹ̀ Lákanlé, olórí ìlú náà, wo iṣu, ó wo igbá rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ṣé bí a ó ṣe jókòó síwájú iná nìyí?" ló bi Ọ̀tún Ògúnrìndé, igbákejì rẹ̀.

"Ká lọ yá iṣu," ni Ọ̀tún wí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Etídò, ìlú tó wà lẹ́bàá odò nísàlẹ̀ òkè. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí, oko rẹ̀ lọ salalu. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ta ni yóò san án?"

"Àwọn ọmọ wa," ni Baálẹ̀ dáhùn.

"Ṣé àwọn ọmọ náà mọ̀?"

"Wọ́n á mọ̀ tó bá yá."

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá yá nǹkan lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ á máa ṣiṣẹ́ lóko ẹni tó yá wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún kò dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá nǹkan náà padà pé pérépéré ni ọmọ tó ń bọ̀ nílé. Bí ọ̀dọ́ méje ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Etídò lọ́dún náà nìyẹn, tí iṣu sì gòkè wá. Àjọ náà dùn. Ọ̀tún jẹ títí ó fi tú okùn ṣòkòtò.

Ọwọ́ tó yẹ kó kọ ebè ní Ìdó-Àpáta wá ń kọ ebè ní Etídò. Nítorí náà, iṣu tún kéré sí i lọ́dún kejì, wọ́n sì tún lọ yá sí i. Ọdún kẹta, bákan náà. Ẹ má wò mí lójú bẹ́ẹ̀ o. Mi ò dárúkọ ìjọba kankan. Iṣu ni mò ń sọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Akíntáyọ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ, dìde nípàdé ìlú.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ forí jì mí. Ta ló jẹ iṣu yìí gan-an?"

"Ìlú ló jẹ ẹ́," ni Ọ̀tún wí.

"Ta ni yóò san án?"

"Ìlú náà ni."

"Ṣé ìlú tó jẹ ẹ́ náà ni yóò san án, àbí ìlú mìíràn ni?"

Ọ̀tún họ irùngbọ̀n, ó ronú. "Ìlú kan náà ni. Ó kàn jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa ni, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiyín."

Gbogbo àgbà ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Akíntáyọ̀ ti wà ní Etídò, ó ń rọ ọkọ́ fún Ẹfúnyẹmí.

Ẹfúnyẹmí kì í ka iṣu. Igbá Baálẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n: igbá kan, ọmọ kan. Baálẹ̀ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní òun ti rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí igbá bá tóbi sí i, ṣé ọmọ kò ní dín kù ni? Ó gbin igbá sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó so okùn sí i kó má baà já, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n bá a tó ń bá igbá náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí igbá náà gbó, wọ́n gé orí rẹ̀, wọ́n ha inú rẹ̀, ọ̀dọ́ mẹ́rin ló gbé e lọ sí Etídò.

Ẹfúnyẹmí rìn yí i ká. "Igbá yìí mà dára o. Ọmọ mẹ́rin ló gbé e wá?"

"Mẹ́rin ni," ni Baálẹ̀ wí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ọmọ mẹ́rin náà ni n ó gbà."

Bí ọgbọ́n Baálẹ̀ ṣe jẹ wọ́n lọ́mọ mẹ́rin nìyẹn dípò ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà ru igbá tìṣu-tìṣu gòkè fún un, wọ́n sì padà sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko olóko.

Ìdó-Àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe dákẹ́ fún yín, nítorí mo mọ irú ìdákẹ́ náà. Ẹ ò ní gbọ́ odó mọ́. Ẹ ò ní gbọ́ kí ìyá kan máa pariwo lé ọmọ rẹ̀ lórí. Okùn kànga gbẹ, àlàpà pọ̀ ju ilé lọ, àwọn ewúrẹ́ sì ń wọlé tẹni tó wù wọ́n láìsí ẹni tó ń lé wọn. Àwọn àgbà a máa pe orúkọ ọmọ láti inú ilé nítorí ó ti mọ́ wọn lára, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tó ń retí èsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn náà ń kú. Nígbà tó pẹ́, Ọ̀tún ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ òun ní Etídò fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n má retí òun. Ó ní ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń bá òun họ ẹ̀yìn.

Ó wá ku Baálẹ̀ àti Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ti kú láti kékeré rẹ̀, Baálẹ̀ ló tọ́ ọ. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í fi oríkì kì í. Ó fẹ́ràn ọmọ náà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ọmọ ìlú ló ti fi ṣọfà, kò fi Àwẹ̀ró ṣe é. Ọgbọ́n mìíràn ló dá.

"Bàbá," ni Àwẹ̀ró wí lọ́jọ́ kan, "mo gbọ́ pé ẹ ti fi àwọn ọmọ mi ṣọfà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá, mi ò tíì lọ́kọ."

"Ohun tó jẹ́ kó dára gan-an nìyẹn! Ọmọ tí kò tíì wáyé, ta ló gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí?"

Àwẹ̀ró wo iṣu tó wà nílẹ̀. Iṣu mẹ́fà péré ni Ẹfúnyẹmí yá wọn lórí àwọn ọmọ náà, nítorí a kì í fi ọmọ tí kò sí gba iṣu tó pọ̀.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín. Iṣu mẹ́fà yìí ní orí mẹ́fà. Ẹ jẹ ara rẹ̀ tán, mi ò bínú, ẹ ṣáà bá mi ṣẹ́ orí rẹ̀ kù. Màá gbìn ín, màá tún gbin orí èyí tó bá ta. Títí ọdún mélòó kan, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ẹ̀gbọ́n mi padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, èmi náà á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mi ò lè dúró síbí kí n máa bí ọmọ fún gbèsè."

"Àwẹ̀ró mi," ni Baálẹ̀ wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀, "èmi, kí n jẹ orí iṣu? Èmi Lákanlé?"

Wọ́n gun àpáta lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì péré. Baálẹ̀ wọ dàńdógó rẹ̀ tó nípọn jù, nítorí ọdún ni. Àwẹ̀ró gé orí iṣu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tò ó sísàlẹ̀ igbá ńlá náà, ó dáná, ó sì lọ jókòó sórí òkúta tirẹ̀ lẹ́yìn. Ogójì òkúta ló wà níbẹ̀. Ìdí àwọn ọmọ ti mú gbogbo wọn dán.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó jẹ ìkíní, ó ń sọ ìtàn ayé àtijọ́ fún Àwẹ̀ró láìyíjú padà. Ó jẹ ìkejì. Kó tó mọ̀, ó ti jẹ ìkẹfà, epo ṣì kù nínú àwo. Ẹ sì mọ̀ pé epo kì í kù kí ó má máa pe nǹkan.

"Bàbá, ẹ wẹ̀yìn," ni Àwẹ̀ró wí.

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ó wo inú igbá. Ó ní ọ̀kan kò lè ba oko jẹ́, márùn-ún ṣì kù. Ó ti ọ̀kan síná. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní márùn-ún kò dọ́gba, kò dára kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oko pẹ̀lú nǹkan tí kò dọ́gba. Ó ti òmíràn síná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn."

"Ẹ̀ẹ́n, mò ń bọ̀."

Ó ní mẹ́rin yìí náà, a ò kúkú mọ̀ bóyá òjò á rọ̀. Ó ní bí òjò kò bá rọ̀, iṣu á jẹrà sínú ilẹ̀, ìyà sì ni kí iṣu jẹrà. Àánú iṣu ṣe é, ó jẹ méjì. Ó ní méjì tó kù, ẹnìkan ní láti tọ́ ọ wò bóyá irú rẹ̀ dára. Ó tọ́ ọ wò. Ó tọ́ èkejì náà wò.

"Bàbá, ẹ wẹ̀yìn, ẹ wò mí."

Ẹnu Baálẹ̀ kún, kò lè dáhùn. Nígbà tó gbé e mì, ó nu ẹnu, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró, ó yá, gbé igbá ká máa lọ."

Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọmọ mi, gbé igbá."

Ìgbà náà ló tó wẹ̀yìn. Ogójì òkúta ló rí, gbogbo wọn ń dán nínú oòrùn. Aláǹgbá kan ló jókòó sórí òkúta Àwẹ̀ró, ó ń mi orí sí i. Baálẹ̀ pe ọmọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Kò sí ẹni tó ní kó pẹ̀lẹ́.

Bí ó ṣe ń sunkún náà ló rántí òfin mìíràn tó wà lórí igbá Baálẹ̀. Igbá oyè kì í sùn sórí àpáta. Ẹni tó bá bá a níbẹ̀ ló di Baálẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìlú tó lè bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Lákanlé tún wo aláǹgbá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ó dojú igbá délẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ fi orí gbé e dìde. Igbá náà kò wúwo, ó kàn tóbi ni. Wìì! Ó wọ̀ ọ́ lórí, ó kọjá imú, ó kọjá ọrùn, ẹnu igbá sì há mọ́ dàńdógó léjìká. Ó fà á, kò jáde. Ọwọ́ kò ká a lókè. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, ó sì ń rùn fún epo.

"Ẹ gbà mí o!" ni Baálẹ̀ kígbe.

"Ẹ gbà mí o!" ni ẹnìkan dáhùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Baálẹ̀ ni!"

"Èmi Baálẹ̀ ni!"

"Irọ́ ni! Baálẹ̀ méjì kì í wà nílùú kan!" Ẹni náà sì sọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà. Wọ́n jà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó yé Baálẹ̀ pé ohùn òun fúnra òun ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti dá a lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ó ní kò burú, ẹsẹ̀ òun mọ ọ̀nà. Bí òun bá gbọ́ òòlù alágbẹ̀dẹ lápá òsì, òun ti wọ̀lú nìyẹn. Bí òun bá gbọ́ odó àwọn ìyá, ó ku ilé mẹ́ta. Bí òun bá gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ẹnu ọ̀nà òun nìyẹn, òun á yà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ́tí. Kò gbọ́ òòlù. Kò gbọ́ odó. Kò gbọ́ ọmọ kankan. Ó rò pé òun ò tíì wọ̀lú, ó sì ń lọ. Bí ó ṣe gba iwájú ilé ara rẹ̀ kọjá nìyẹn, tí kò sí ẹyọ ẹnìkan tó máa sọ fún un pé, "Baálẹ̀, ẹ ti kọjá ilé."

Ó rìn títí. Ó kọlu igi, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́, ó gbọ́ ọ! Òòlù alágbẹ̀dẹ, kìn-ìn-kìn-ìn, bí Akíntáyọ̀ ṣe máa ń lù ú gẹ́lẹ́. Ó gbọ́ odó. Ó gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn, ó ń sáré.

"Ẹ kú ilé o! Mo ti dé o!"

"Yéè! Igbá ń rìn!" ni àwọn ọmọ kéékèèké ké. "Igbá ń kí wa!"

Gbogbo oko Ẹfúnyẹmí dúró. Àwọn kan sá, àwọn kan gbé ọkọ́. Ọ̀tún Ògúnrìndé gun orí ebè, ó ní àwọn ti ṣẹ igbá, igbá ti wá gbẹ̀san. Àwẹ̀ró ló wo ìsàlẹ̀, ó sì rí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì tó wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ti mọ̀ láti kékeré.

"Bàbá mi ni," ló wí.

Akíntáyọ̀ àti ẹni méjì di igbá náà mú, wọ́n fà á. Pọ́ọ̀! Orí Baálẹ̀ yọ síta, epo ti kùn ún títí dé ìpéǹpéjú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ẹ ti padà wálé! Gbogbo yín lẹ ti padà wálé!"

Àwẹ̀ró ló sún mọ́ ọn, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

"Bàbá, Etídò nìyí."

"Ilé wa ń kọ́?"

"Ẹ̀yìn yín ló wà, Bàbá. Ẹ wẹ̀yìn."

Ó wẹ̀yìn. Ó rí òkè náà lọ́hùn-ún, kò sí èéfín kankan lórí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yíjú padà, agbára ti tán nínú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

"Ta ni yóò bá mi gbé igbá yìí délé?"

Ọ̀tún wo ilẹ̀. Akíntáyọ̀ wo ojú ọ̀run. Wọn ò kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òfin. Omi dà lójú Àwẹ̀ró.

"Bàbá, mi ò jẹ níbẹ̀."

Ẹfúnyẹmí ti jáde láti abẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó ní kí Baálẹ̀ sọ bó ṣe jẹ́ fún òun, Baálẹ̀ sì sọ ọ́, orí iṣu mẹ́fà, àforíjì tó tọrọ lọ́wọ́ igi, gbogbo rẹ̀. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ó fi di igi àtíbàbà mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bu omi fún Baálẹ̀ mu, ó sì gbé igbá náà lé e lórí, ojú rẹ̀ sókè lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ yà fún wọn lọ́nà," ló wí. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Bí ó ṣe rù ú gòkè nìyẹn, òun nìkan. Wọ́n ní lọ́dọọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ó máa ń kọ ebè kékeré kan fúnra rẹ̀, ó máa ń sun ẹyọ iṣu kan lórí àpáta, á gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, á gbé e sórí òkúta Àwẹ̀ró. Bí ó bá bu òkèlè kan, á wẹ̀yìn. Bí ó bá bu òmíràn, á tún wẹ̀yìn, títí ọrùn fi ń ro ó. Àwọn kan ní Àwẹ̀ró padà wá níkẹyìn. Àwọn kan ní aláǹgbá yẹn nìkan ló ń rí níbẹ̀. Èmi ò mọ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín.

Ó yá, ẹ ṣí abọ́ yẹn wàyí. Iṣu sísun ni, mo jẹ ìdajì. Orí rẹ̀ wà nínú ewé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ gbé e lọ bí ẹ bá ní ilẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ má kánjú, kò sí ẹni tó ń lé yín. Bí ẹ bá jẹ tán, kí ọ̀kan nínú yín bá mi gbé abọ́ náà lọ sínú ilé ìdáná. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ilé ìdáná mi sì jìn.